Ọjọ́bọ̀ ní Èbúté Elérò

Ẹni tó bá gbé oúnjẹ síwájú Tíṣà Simeon Ọlátúbọ̀sún, kó yáa mọ̀ pé ìdánwò lòun jókòó sí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi kọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ní jọ́gíráfì, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti fẹ̀yìn tì sí ilé rẹ̀ ní Atikori, ṣùgbọ́n máàkì kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà fún un níbi ìdúpẹ́ ọmọ tuntun, á tọ́ ọ wò, á pa ojú dé díẹ̀, á ní, "Márùn-ún nínú mẹ́wàá. Ẹni tó sè é gbọ́n, ó kàn kánjú ni." Ará àdúgbò á rẹ́rìn-ín, ẹni tó se ẹ̀wà á fajú ro. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Dámiláre, kò bọ́ níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìgbéyàwó wọn pé ogójì ọdún, Tíṣà fún ògì tí obìnrin náà pò ní mẹ́jọ. Ìyá Dámiláre kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀.

"Ẹni tó gba mẹ́jọ ò lè se ọ̀sán o. Ẹ lọ wá ẹni tó gba mẹ́wàá."

"Mẹ́jọ pọ̀ o, Ìyá Dámiláre! Ọ̀gá ilé-ìwé wa ò gba ju mẹ́fà lọ lọ́wọ́ mi rí."

Kò ka èyí sí ìgbéraga. Ohun tó gbàgbọ́ ni pé ẹnu tó bá tọ́ nǹkan wò gbọ́dọ̀ lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀, ẹni tó bá sì ń ròyìn ohun tí kò tọ́ wò, òpùrọ́ ni, ì báà gba oyè ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbàgbọ́ yìí ló sọ ọ́ di òǹkọ̀wé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́ wá sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè láti Oǹdó, láti Ọ̀ṣun, láti Èkó, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti lè rí oúnjẹ gidi jẹ. Tíṣà gun alùpùpù rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi ń jẹun kiri, láti Mamu dé Òkè-Àgbò, láti ẹnu ọ̀nà yunifásítì títí dé etí omi, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ. Ní ọdún 2001, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà ni, gbogbo rẹ̀ sì tà tán kí ọdún tó yí po. Èyí tó kù lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, olùbẹ̀wò ilé-ìwé kan yá a, wọ́n sì gbé olùbẹ̀wò náà lọ sí apá Yewa pẹ̀lú ìwé. Láti ìgbà yẹn, Tíṣà kò fojú kan ìwé rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá gbàgbé pé bàbá àwọn kọ ìwé rí. Ó máa ń dùn ún, ó kàn kì í sọ ọ́ ni.

Bó ṣe rí nìyẹn títí di Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹjọ, tí Tamílọ́rẹ wọlé dé. Bàbá Tamílọ́rẹ ti jókòó ní kíláàsì Tíṣà rí. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ti wá di ọ̀mọ̀wé, ó ń kọ́ni ní yunifásítì, Tíṣà sì máa ń pè é ní Dókítà Aláìlábẹ́rẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó sì fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn ìwé náà jẹ́ àwọ̀ ewé nígbà kan. Ó ti wá dà bí omi ẹ̀fọ́.

"Bàbá, ta ló ni èyí?"

Tíṣà yọ jígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. MO TI JẸUN NÍBẸ̀. Atọ́nà sí Ilé Oúnjẹ Mọ́kànlélógójì, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Etí Omi. Láti ọwọ́ S. A. Ọlátúbọ̀sún.

 Ó pariwo, "Ìyá Dámiláre! Wá wo ọmọ rẹ tó sọnù!"

Obìnrin náà yọjú láti ilé ìdáná, ó wo ìwé, ó wo ọkọ rẹ̀. "Háà, mo mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì tí mo fi ń se oúnjẹ alẹ́ tí ẹnì kankan ò jẹ. Ilé oúnjẹ mọ́kànlélógójì, ilé tèmi ò sí ńbẹ̀."

"Ilé tìrẹ kì í ṣe fún èrò."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Tamílọ́rẹ ṣàlàyé. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ló ti rí ìwé náà, òun kọ́ ló sì ń wá a, Kingsley ni. Kingsley ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde ní ogún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò pín fún ara wọn, Kingsley sì rántí ìwé tó bọ́ òun nígbà tí òun jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ẹgbẹ̀ta ẹ̀dà ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n tún tẹ̀. Orúkọ Tíṣà á tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kìkì pé kó fọwọ́ sí i, kó dé ilé ìtẹ̀wé kí Ọjọ́ Ẹtì tó parí.

"Tó bá wá kọjá Ọjọ́ Ẹtì ńkọ́?"

"Wọ́n á rán fìlà, sà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. "'Ilé oúnjẹ àwọn agégẹdú, Mamu. Ẹ̀bà, mẹ́sàn-án. Ọbẹ̀, mẹ́jọ. Ìjókòó, méjì. Gbogbo pákó ayé ń gba ojú ọ̀nà yìí kọjá, wọn ò rí ọ̀kan kàn ní bẹ́ǹṣì.' O gbọ́? Ta ló lè kọ irú èyí báyìí?" Ó ṣí iwájú. "'Òkè-Àgbò, ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìkọ́kọrẹ́, mẹ́wàá. Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní mẹ́wàá rí, mi ò sì ní ṣe é mọ́.'"

Níbẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí báírò pupa. Ẹni tó ni ìwé náà tẹ́lẹ̀ ti ń fún un ní máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò kọ orúkọ rẹ̀ ti gba ojú ewé dé ojú ewé, ó ń fa ìlà bí tíṣà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mamu: "Òótọ́ ni. A jẹ ẹ́ lóòró." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè-Àgbò: "O gbìyànjú." Tíṣà ń rẹ́rìn-ín bọ̀ títí ó fi dé ojú ewé kẹtàdínlógójì.

"Èbúté Elérò, létí ọ̀sà. Púpurú àti ẹja tútù, mẹ́sàn-án. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń tà, láti aago mẹ́wàá àárọ̀." Báírò pupa ti fa ìlà lé gbogbo rẹ̀ lórí láti igun dé igun. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: "Irọ́! Ọjọ́bọ̀ méjì la lọ. Ewúrẹ́ la bá. Tíṣà yìí ò débẹ̀ rí. Òdo."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Tíṣà. Tamílọ́rẹ, tó ti rí i kó tó mú ìwé wá, ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ má dá a lóhùn, bàbá. Ọmọdé ni. A máa pa gbogbo pupa yìí rẹ́ kó tó dé ilé ìtẹ̀wé."

"Òdo kọ́ ló ń dùn mí," ni Tíṣà wí. "Ó ní mi ò débẹ̀ rí. Orúkọ ìwé náà ńkọ́? Bí mi ò bá dé ibì kan nínú mọ́kànlélógójì, irọ́ ni èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń pa." Ó gbé ìka mẹ́ta sókè. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta, Tamílọ́rẹ! Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo lè sọ àwọ̀ ìdérí ìkòkò ìyá náà fún ọ. Ṣé mọ́tò rẹ ń rìn?"

"Ó ń rìn, sà."

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ìwọ lo máa wà á. Wàá rí wọn, wàá jẹun, wàá sì jẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ni mo máa fọwọ́ síwèé."

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbéra. Tíṣà wọ bùbá funfun, ó gbé ìwé sórí itan rẹ̀, ó ń ṣe bí atọ́nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe rò. Ní Òkè-Àgbò, ibi tí ìyá onímẹ́wàá ti ń se ìkọ́kọrẹ́ ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sanwó fúnni. Ní Orù, ilé oúnjẹ méjì tó wà nínú ìwé ti di ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, alájà mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, koríko ni. Tíṣà ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé oúnjẹ kì í ní ibojì. Lọ́jọ́ tí iná bá kú lábẹ́ ìkòkò rẹ̀, ó parí nìyẹn; ẹni tó jẹun níbẹ̀ nìkan ló kù láti jẹ́rìí pé ó wà láyé rí, ẹ̀rí ẹnu náà a sì máa gbó bí ẹnu ṣe ń gbó.

"Wọ́n ti lọ o, bàbá," ni Tamílọ́rẹ wí jẹ́ẹ́.

"Wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Máa wà á lọ."

Wọ́n gba òpópó Benin, wọ́n yà sí Ìbíàdé, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí dín, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí rùn bí ẹja àti ẹrẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà tán, wọ́n rọra ń yí lórí iyanrìn títí omi fi yọ sí wọn lójú. Èbúté Elérò nìyẹn. Àtíbàbà méjì, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tí wọ́n so mọ́lẹ̀, bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́rin lábẹ́ igi àgbọn.

Ewúrẹ́ márùn-ún ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ àpò.

Tamílọ́rẹ pa iná mọ́tò.   Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rìn lọ bá obìnrin kan tó ń to ẹja gbígbẹ sórí ọpọ́n lábẹ́ àtíbàbà kejì. Obìnrin náà á tó bí ẹni àádọ́ta ọdún, ó gbé ìborùn kọ́ èjìká, kò dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ṣé ẹja lẹ wá rà ni àbí ẹ fẹ́ kọjá sódì kejì?"

"Oúnjẹ la wá jẹ. Púpurú. Ṣé ibí kọ́ ni wọ́n ti ń tà á ni?"

"Ibí ni. Àná lọjà. Ẹ pẹ́ dé."

"Àná? Àná jẹ́ Ọjọ́rú."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ni obìnrin náà wí. "Bí òní bá ti jẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú làná máa ń jẹ́."

Tamílọ́rẹ yí ojú sí omi kí wọ́n má baà rí ẹnu rẹ̀. Tíṣà fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń tà á níbí. Ó wà nínú ìwé."

"Ìwé ta?"

"Ìwé tèmi."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí ẹja. Ó wo bàbá láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ìwé àwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹ̀yin ni Tíṣà Ọlọ́jọ́bọ̀!"

"Èmi ni Tíṣà ta ni?"

"Ọlọ́jọ́bọ̀! Orúkọ tí ìyá mi ń pè yín nìyẹn títí ó fi kú. Adéṣọlá lorúkọ tèmi, èmi ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ lé ewúrẹ́ kúrò ńbẹ̀. Bàbá, mo ti ń wá yín láti ọjọ́ pípẹ́ kí n lè bá yín jà."

Adéṣọlá bi Tíṣà bóyá ìyá tirẹ̀ náà kò ná ọjà rí. Tíṣà ní ó ná an. Obì ni ìyá òun ń tà. "Ṣé ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá yín fi ń ka ọjà ni?"  Ìyá Tíṣà kò fi kà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ karùn-ún ni. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ rìnrìn àjò, á ní, "Ọjà méjì ni n ó lò," ọmọ rẹ̀ á sì mọ iye òru tó máa sùn láìrí i. Orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ìṣirò yẹn, kó tó mọ A, kó tó mọ B. Lọ́jọ́ tó wá mú kálámù láti kọ̀wé, kàlẹ́ńdà ara ògiri nìkan ló rántí.

Síbẹ̀ kò tíì gbà. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá, arábìnrin Adéṣọlá. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo bá ìyá yín nídìí iná. Báwo ni ọjà ọjọ́ karùn-ún ṣe lè bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta?"

"Báwo lẹ ṣe ń wá? Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀?"

"Rárá. Ìpàdé àwa olùkọ́ jọ́gíráfì máa ń wà ní Abigi lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí a bá ti parí ni mo máa ń yà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin," ni Adéṣọlá tún un wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó mú ẹja gbígbẹ mẹ́jọ, ó sì ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ máa wò mí. Ọjọ́bọ̀, ọjà nìyí. Ọjà kejì, Ajé. Ọjà kẹta, Ẹtì. Ẹ̀kẹrin, Ìṣẹ́gun. Ẹ̀karùn-ún, Àbámẹ́ta. Ẹ̀kẹfà, Ọjọ́rú. Èkeje, Àìkú. Ẹ̀kẹjọ, ẹ ka tiyín."

Tíṣà tẹjú mọ́ ẹja kẹjọ. "Ọjọ́bọ̀," ló wí.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gẹ́lẹ́. Ẹja ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin. Ẹja ìparí, ẹ̀yin. Mẹ́fà tó wà láàárín, ẹ wà nílé. Ìṣirò kọ́ lẹ ń kọ́ wọn ni?"

"Jọ́gíráfì ni," ni Tíṣà dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì le mọ́.

Tamílọ́rẹ kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Adéṣọlá náà ń rẹ́rìn-ín, ewúrẹ́ kan sì lo àǹfààní ẹ̀rín náà, ó gbé ẹja kẹta lọ. Tíṣà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín níkẹyìn. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn pé òun débẹ̀ lóòótọ́. Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Onípupa purọ́ mọ́ ọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, àfi bí Adéṣọlá ṣe jáwọ́ nínú ẹ̀rín.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ torí rẹ̀ bá yín jà," ló wí. "Nígbà tí ìwé yín jáde, àwọn ọmọ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí wá. Mẹ́ta lónìí, márùn-ún lọ́jọ́ mìíràn. Ọjọ́bọ̀ ni ṣáá. Wọ́n á ti gun mọ́tò mẹ́ta, wọ́n á ti gun ọ̀kadà, òùngbẹ á ti fẹ́ pa wọ́n. Mo ní, 'Màámi, ẹ sọ fún wọn pé ọjà ò sí.' Màámi ní, ọmọ tó rin irú ọ̀nà yìí nítorí oúnjẹ mi, n ò ní sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ ò pé. Ó ní Tíṣà ló fún òun ní ọjọ́ kan kún ọjọ́. Ó rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni! Ó ní ẹ fi ṣàánú òun."

"Mi ò mọ̀," ni Tíṣà wí.

"Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ó fi ọdún mẹ́jọ dáná ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, yálà ènìyàn wá, yálà wọn ò wá. Èmi ni mò ń la igi. Ọ̀pọ̀ Ọjọ́bọ̀ la fi jẹ oúnjẹ náà fúnra wa títí ẹja fi sú mi. Màámi á jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn, á máa wo ojú ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tá a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ohun tó ń bi mí ni pé ta ló wà nídìí iná ní Ọjọ́bọ̀. Mo ní mo wà ńbẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún un. Ó ti sú mi."

Ọdún yẹn ni onípupa wá bá ewúrẹ́, kò sí àní-àní. Tíṣà kò béèrè. Ó ń wo bẹ́ǹṣì tó jókòó lé, ibi tí pákó ti dán níbi tí èèyàn ti jókòó pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lòun kọ. Ó kọ ọ́ láìṣiyèméjì, bó ṣe ń kọ gbogbo nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà ló mú obìnrin kan jókòó síbí fún ọdún mẹ́jọ, tó ń wo ọ̀nà.

"Ẹ forí jì mí," ló wí.

"Màámi ì bá ní kò sí ohun tẹ́ ẹ ṣe," ni Adéṣọlá wí. "Èmi ò ní wí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń dáná báyìí, ọjọ́ ọjà nìkan. Ẹ má tún kó ẹnikẹ́ni wá bá mi ní Ọjọ́bọ̀ o, bàbá. Mo bẹ̀ yín."

Fóònù Tamílọ́rẹ dún. Kingsley ni. Tamílọ́rẹ fi í sí gbangba kí bàbá lè gbọ́.

"Dókítà, báwo? Àwọn ilé ìtẹ̀wé ń pè mí. Ṣé bàbá ti fọwọ́ sí i?"

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan tá a máa tún ṣe," ni Tamílọ́rẹ wí. Ó bo ẹnu fóònù, ó yíjú sí Tíṣà. "Ó rọrùn, sà. A pa Ọjọ́bọ̀ rẹ́, a kọ 'ọjọ́ ọjà' síbẹ̀. Ó ti tán. Kò sí ẹni tó máa mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà létí, ó sì dùn ún gbọ́. Orúkọ rẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ẹgbẹ̀ta ẹ̀dà. Àwọn ọmọ rẹ̀ á rí i. Ó ṣí ojú ewé náà, ó wo mẹ́sàn-án tó fún púpurú àti ẹja.

"Ta ló gba mẹ́sàn-án yìí?" ló bi Tamílọ́rẹ.

"Ẹ̀yin lẹ fún wọn, sà."

"Mo ní ta ló gbà á? Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ti kú. Mi ò tíì jẹ tirẹ̀." Ó tọ́ka sí Adéṣọlá. "Ọmọ kì í jogún máàkì. Mo kọ́ bàbá rẹ, mo kọ́ bàbá àgbà ẹlòmíràn, mi ò gbé máàkì ìyá fún ọmọ rí. Ilé oúnjẹ mélòó la kọjá láàárọ̀ yìí tó ti di ṣọ́ọ̀bù? Bí wọ́n bá tẹ ìwé yìí báyìí, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ á ní mo ti jẹun ní ibi mọ́kànlélógójì. Bẹ́ẹ̀, nínú èyí tó wà láyé lónìí, mi ò mọ bóyá mo ti jẹun ní ẹyọ kan."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọ́n wà."

"Wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra atọ́nà, ebi ló ń pa á, ìtàn kọ́ ló ń wá." Ó na ọwọ́. "Gbé fóònù fún mi. Kingsley!"

"Bàbá wa! Ẹ kú ilé, sà. Ìwé yín ló bọ́ mi ní yunifásítì o."

"O ṣeun. Èwo lo fẹ́ràn jù níbẹ̀?"

"Èbúté Elérò, sà! A lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́bọ̀. Màmá yẹn, ó ní ká máa jẹ ẹ́ lọ títí a ó fi yó."

Adéṣọlá gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí to ẹja rẹ̀ padà.

"Màmá náà ti kú," ni Tíṣà wí. "Kingsley, gbọ́ mi. Ìwé kò ní lè jáde bó ṣe wà. Mo ní láti tún jẹun yí po. Oṣù mẹ́rin ni, ó lè tó márùn-ún."

"Bàbá, àjọ̀dún wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́. Bí kò bá jẹ́ ìwé, fìlà ni o."

"Ẹ máa dé fìlà nígbà náà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ abetí ajá, ó yẹ ẹni tó bá jẹun dáadáa." Ó dá fóònù padà fún Tamílọ́rẹ.

Tamílọ́rẹ ń wò ó. "Ẹ mọ̀ pé wọ́n lè máà padà wá bá yín mọ́, sà."

"Mo mọ̀."

"Ta ló wá máa tẹ̀ ẹ́?"

"Ìwọ máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìyẹn àkọ́kọ́. Ìwé tó bá dáa, ó máa rí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Èyí tí kò bá sì rí, á wà nílé mi, kò ní lè dá ìyá ẹnikẹ́ni dúró sójú ọ̀nà." Ó yíjú sí Adéṣọlá. "Ọjà wo ló kàn?"

"Ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn sáré o, bàbá. Mo rí àgbélébùú lọ́rùn yín, mo mọ̀ pé ẹ ní ibi tẹ́ ẹ ń lọ lọ́jọ́ Àìkú. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ yín gan-an." Ó fi ẹnu tọ́ka sí àwọn ẹja tó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ọjà wà."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Bí mo bá tún wá ní Ọjọ́bọ̀ tí mo bá ọ nídìí iná, orí mi á tún gbà pé òun ló jàre láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ Àìkú ni mò ń bọ̀."

Ìjọ Áńgílíkà ni Tíṣà ń lọ, òun ló sì ń ka Ẹ̀kọ́ Kìíní. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Atikori mọ̀ pé òjò kò dá a dúró rí, ibà kò dá a dúró rí. Ó yọ fóònù kékeré tirẹ̀, ó rìn sún mọ́ omi níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lè gbà, ó pe àlùfáà ìjọ wọn.

"Ẹni Ọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mi ò ní sí níbẹ̀ láti ka Ẹ̀kọ́ Kìíní lọ́jọ́ Àìkú."

"Háà, Tíṣà! Kí ló dé? Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi le. Oúnjẹ ni mo fẹ́ lọ jẹ."

Àlùfáà dákẹ́ débi pé Tíṣà yọ fóònù létí, ó wò ó bóyá ó ti já.

"Ẹ ní kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?"

"Mo ní mo fẹ́ lọ jẹ púpurú létí omi. Mo kọ irọ́ kan sílẹ̀ níbí láìmọ̀, ibi tí mo ti kọ ọ́ náà ni mo ti máa tún un ṣe. Ẹ fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ẹ sọ fún un kó má kánjú lórí orúkọ àwọn ọba Júdà."

Lẹ́yìn rẹ̀, Adéṣọlá gbé ohùn sókè kí fóònù lè gbé e dé Atikori. "Ẹ ní kí àlùfáà náà máa bọ̀! Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń jẹ orí ẹja o!"